Yunifásítì Ti Ra Ilé Tí Ẹ Ń Gbé ní New York? Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Kí Wọ́n Má Baà Lé Yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ẹni mẹ́ta ló fi fọ́tò irú ìwé kan náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìwé pélébé kan ni, wọ́n ní ilé ti bọ́ sọ́wọ́ onílé tuntun, wọ́n fẹ́ lò ó fún iṣẹ́ ẹ̀kọ́, kí ayálégbé pe nọ́ńbà kan kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe máa kó jáde. Ìbéèrè àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yàtọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká ti máa wá ilé ni?”

Ẹ má tíì di ẹrù kankan.

Èmi náà ti gba irú ìwé yẹn rí ní Harlem, lọ́wọ́ onílé kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọjọ́ méjì ni oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìyá àgbà kan tó ń gbé àjà kẹta ló ní kí n wá jókòó. Ó fa àpò ike kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rìsíìtì owó ilé rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó fi rọ́bà dì wọ́n lọ́dọọdún, ó kọ ọdún kọ̀ọ̀kan sára bébà kékeré. Ó ní ìwé làwọn èèyàn wọ̀nyí fi ń bá èèyàn jà, ìwé náà lòun fi ń dá wọn lóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Òfin New York City ni mo ń sọ o. Ẹni tó bá wà ní New Jersey, Maryland tàbí London, òfin tiyín yàtọ̀. Mi ò kì í ṣe lọ́yà. Ibi tó bá ti kan lọ́yà, mo máa sọ ọ́ kedere.

## Alẹ́ ọjọ́ tí ìwé bá dé

1. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà, iwájú àti ẹ̀yìn, àti àpòòwé tó bá a wá. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ rí i sílẹ̀, àti bó ṣe dé: ṣé wọ́n tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn ni, àbí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀, àbí ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbé e wá? Ẹjọ́ máa ń fọ́ nítorí pé onílé ò fi ìwé jíṣẹ́ bí òfin ṣe ní kó ṣe é.
2. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun, kódà bí wọ́n bá ní “ẹ kàn fọwọ́ sí i pé ẹ ti rí i.”
3. Ẹ má dá owó ilé dúró. Àṣìṣe tó ń ba ẹjọ́ àwọn èèyàn wa jẹ́ jù nìyí. Inú á bí wọn, wọ́n á ní “ṣebí wọ́n fẹ́ lé mi, kí ni mo tún ń sanwó fún?” Bẹ́ẹ̀ ni onílé á ṣe rí ẹjọ́ owó ilé tó rọrùn fún un pè. Ẹ san án lọ́jọ́ tí ẹ máa ń san án, pẹ̀lú ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tàbí money order, ẹ má san káàṣì. Tí wọ́n bá dá ṣẹ́ẹ̀kì yín padà, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì ya owó yẹn sọ́tọ̀, ẹ má ná an.
4. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́.
5. Tí aṣojú onílé bá pè yín, ẹ ní kó kọ ohun tó fẹ́ sọ ránṣẹ́. Ẹ má sọ pé “a máa rò ó wò.”

## Ìwé nìkan ò lè lé yín jáde

Ọ̀pọ̀ wa ló gbé ìbẹ̀rù kúìtì nótíìsì wá láti ilé. A ti rí onílé tó yọ ilẹ̀kùn, a ti rí èyí tó ṣí páànù lórí ayálégbé. Torí náà, tí ìwé bá ti dé, ara wa á ti gbọ̀n, a ò ní béèrè ẹni tó fún wọn láṣẹ.

Níbí, ẹni tó bá ti gbé inú ilé fún 30 ọjọ́, tàbí tó ní líìsì, kò sí onílé tó lè lé e láìgba kóòtù. Bó ṣe ń lọ nìyí:

- Ìwé ìkìlọ̀ látọ̀dọ̀ onílé. Èyí kì í ṣe ìwé kóòtù.
- Ìwé ìpẹ̀jọ́ látọ̀dọ̀ Housing Court (kóòtù ẹjọ́ onílé àti ayálégbé), tó ní nọ́ńbà ẹjọ́ lára.
- Ìjókòó níwájú adájọ́, tó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.
- Ìdájọ́, lẹ́yìn náà ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní warrant.
- Ìkìlọ̀ ọjọ́ 14 látọwọ́ máṣàlì ìlú, òṣìṣẹ́ tó ń mú àṣẹ kóòtù ṣẹ.

Máṣàlì tàbí ṣẹ́ríìfù nìkan ló lè lé yín jáde. Tí onílé bá pààrọ̀ àgádágodo, tó kó ẹrù yín síta, tàbí tó gé iná kí ẹ lè sá, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ló dá. Ẹ pe 911, ẹ fi líìsì tàbí bíìlì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì yín han ọlọ́pàá. Tí ọlọ́pàá bá ní ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ò kan òun, ẹ gbọ̀nà Housing Court lọ lọ́jọ́ náà, ẹ ní ẹ wá pe ẹjọ́ illegal lockout.

## Irú ilé wo gan-an lẹ ń gbé?

Àwọn èèyàn máa ń sọ “rent control” fún gbogbo ilé tí owó rẹ̀ kéré. Oríṣi méjì ló wà, wọn ò sì rí bákan náà.

Rent control gan-an kò pọ̀ mọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú oṣù Kejì ọdún 1947 ni, ayálégbé náà tàbí ẹbí tó jogún rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ láìkúrò láti ṣáájú oṣù Keje ọdún 1971.

Rent-stabilized ni èyí tí púpọ̀ nínú wa ń gbé: ilé tó ní fúláàtì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1974. Àwọn ilé tuntun kan náà wà lábẹ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀dínwó owó orí tí onílé gbà lọ́wọ́ ìjọba. Nínú ilé rent-stabilized, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí líìsì tuntun ní gbogbo ìgbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ bá parí, ọdún kan tàbí méjì, bí ẹ bá ṣe fẹ́. Rent Guidelines Board, ìgbìmọ̀ ìlú kan, ló ń sọ iye tí onílé lè fi kún un, kì í ṣe onílé fúnra rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀:

1. Ẹ béèrè rent history fúláàtì yín lọ́wọ́ DHCR, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀fẹ́ ni. Inú àpótí lẹ́tà yín ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí.
2. Tó bá dé, ẹ wo ọdọọdún láti 1984 wá. Ó yẹ kí orúkọ ayálégbé àti owó tó ń san wà níwájú ọdún kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ fi báírò pupa yí ibi tí owó bá ti fò sókè lójijì ká, tàbí ibi tí onílé ò ti forúkọ sílẹ̀, tàbí ibi tí ó kọ “exempt” sí (pé fúláàtì náà ò sí lábẹ́ òfin yìí). Ibẹ̀ ni lọ́yà máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́ tó bá ní fúláàtì yín ti jáde kúrò lábẹ́ òfin torí pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2019, wọn ò lè fi owó ilé tó ga tàbí owó oṣù ayálégbé yọ fúláàtì kúrò mọ́.

## Ta ló kọ́kọ́ dé: ẹ̀yin ni, àbí yunifásítì?

Tí ẹ ò bá ka ibòmíràn, ẹ ka ibí yìí. Púpọ̀ àwọn tó pè mí ni ò mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n ra ilé lè jẹ́ gbogbo ẹjọ́ náà.

Òfin fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè ní àyè kan tí onílé lásán ò ní: wọ́n lè kọ̀ láti fún ayálégbé rent-stabilized ní líìsì tuntun tí wọ́n bá nílò fúláàtì náà fún iṣẹ́ wọn. Àyè yẹn ní ààlà.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi fúláàtì yín gba akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ wọn sílé: ayálégbé tó wọlé *lẹ́yìn* tí wọ́n ti ra ilé nìkan ni wọ́n lè fi èyí lé. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ra á, wọ́n bá yín lórí ilẹ̀ ni, ọ̀nà yìí ò ṣí fún wọn.

Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe ibùgbé, bíi kíláàsì, ọ́fíìsì tàbí yàrá ìwádìí: wọ́n lè fi èyí pe ayálégbé tó ti pẹ́ lẹ́jọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé láàárín ọjọ́ 150 sí ọjọ́ 90 kí líìsì yín tó parí, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí hàn adájọ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn lóòótọ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ wó ilé náà: wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ DHCR, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ìlú ti fọwọ́ sí àwòrán ilé tuntun náà àti pé owó rẹ̀ wà nílẹ̀. DHCR máa kọ̀wé sí yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fèsì. Ìrànwọ́ láti rí ilé mìíràn àti owó wà níbẹ̀ fún yín. Ẹ má fèsì láìsí lọ́yà.

Ti àwọn tó wà lábẹ́ rent control tún yàtọ̀: DHCR ni onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún irú èyí kó tó lè pè yín lẹ́jọ́.

Bí ẹ ṣe máa wá ọjọ́ tí wọ́n ra ilé:

1. Ẹ lọ sí ACRIS lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ilé New York City ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Staten Island nìkan ni ò sí níbẹ̀. Ọ́fíìsì County Clerk ni tibẹ̀ wà.
2. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé yín síbẹ̀ kí ẹ lè rí nọ́ńbà block àti lot rẹ̀.
3. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wá gbogbo ìwé tó wà lórí ilé náà.
4. Ẹ wá èyí tí wọ́n pè ní DEED. Orúkọ ẹni tó tà á, ẹni tó rà á, àti ọjọ́ rẹ̀ á wà níbẹ̀.
5. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi í pọ̀ mọ́ líìsì àkọ́kọ́ tí ẹ gbà nínú ilé náà. Ìwé méjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún lọ́yà.

Ẹ lè má rí orúkọ yunifásítì lára DEED o. Wọ́n máa ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ra ilé. Ẹ wo àdírẹ́sì tí onílé kọ sílẹ̀: tó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì yunifásítì, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ tó ń ṣe ní yunifásítì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un nílé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè má sí lábẹ́ rent-stabilized rárá. Ẹ gbé líìsì yín lọ fún lọ́yà kí ẹ tó sọ ohunkóhun.

## Ibi tí wọ́n ti máa ń mú àwa Yorùbá

Lọ́yà onílé kì í sábà sọ pé “ilé yìí wù wá.” Yóò wá ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ yín. Mo ti rí méjì tó ń mú wa ju àwọn yòókù lọ.

Ìrìn àjò sí ilé. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ó ń kọ́lé sí Ìjẹ̀bú, ó lọ ní oṣù Kẹwàá, ó dé ní oṣù Kẹrin. Onílé á ní ilé New York kì í ṣe ibùgbé gidi fún un mọ́, òfin sì sọ pé ibùgbé gidi yín ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Lára ohun tí adájọ́ máa ń wò ni bóyá ẹ lo ọjọ́ 183 ó kéré tán nínú ilé náà láàárín ọdún. Ẹ ka ọjọ́ yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ àìsàn tàbí ìsìnkú ló gbé yín lọ, ẹ tọ́jú ìwé dókítà, ìwé ìkéde òkú àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀. Àdírẹ́sì ilé náà ni kó wà lórí ìwé owó orí, ìwé ìwakọ̀ àti ìwé báńkì yín. Ẹ má sì gbé fúláàtì náà fún ẹlòmíràn gbà nígbà tí ẹ ò sí nílé láìgba àyè lọ́wọ́ onílé ní kíkọ sílẹ̀.

“Ọmọ mi ni.” Tí ẹni tó ni líìsì bá kú tàbí tó kó kúrò pátápátá, ẹbí tó bá a gbé fún ọdún méjì tẹ̀lé ara wọn lè gba ilé náà, ọdún kan ni fún ẹni tó bá ti pé ọdún 62 tàbí tó ní àìlera. Ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ọmọ-ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, wọ́n wà nínú ẹbí tí òfin kà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò kò sí níbẹ̀. Lójú wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, ọmọ ẹni ni. Ní kóòtù, yóò ní láti fi hàn pé òun àti olóògbé jọ ń gbọ́ bùkátà ara wọn bí ẹbí kan ṣoṣo: àkáǹtì báńkì tí wọ́n jọ ní, bíìlì tí wọ́n jọ ń san. Ẹ̀rí yìí, ìgbà tí gbogbo yín wà láàyè ni kí ẹ ti máa kó o jọ.

Ohun tó yẹ kó wà nínú fáìlì yín:

- gbogbo líìsì, àgàgà ti àkọ́kọ́
- rìsíìtì owó ilé tàbí kùkùté money order
- rent history àti DEED
- bíìlì iná, ìwé owó orí, lẹ́tà ilé-ìwé àwọn ọmọ
- gbogbo lẹ́tà, ìméèlì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tó wá látọ̀dọ̀ onílé

Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò gbé inú ilé yẹn.

## Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò

Ìwé tí wọ́n fún yín, wọ́n ti fún àwọn tó kù. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ronú pé òun nìkan ló kù. Ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ti kó kúrò nínú mẹ́wàá, àwọn méjì tó kù á máa jí sínú ariwo òòlù àti eruku lójoojúmọ́.

1. Ẹ to nọ́ńbà fúláàtì gbogbo sórí ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ, fóònù, èdè tí wọ́n ń sọ, àti ọdún tí wọ́n wọlé síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ní alẹ́, láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án, ní méjì-méjì. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ Spanish dání bí ẹ bá wà ní òkè Manhattan tàbí Bronx.
3. Ẹ pe ìpàdé sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀. Òfin New York fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti láti pàdé nínú ilé wọn, onílé ò sì gbọdọ̀ gbowó rẹ̀ tàbí fìyà jẹ yín torí rẹ̀.
4. Ìpinnu àkọ́kọ́: kò sí ẹni tó máa bá onílé sọ̀rọ̀ owó ní òun nìkan. Gbogbo rẹ̀ á gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́.
5. Ẹ kọ lẹ́tà kan, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i: a ò kó lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ yín kó wá ní kíkọ sílẹ̀, èyí ni ẹni tí ẹ máa kọ̀wé sí.

Ẹ má fojú fo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá. Orúkọ wọn ni yunifásítì fi ń fẹ̀, púpọ̀ wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n lé ìyá ẹni ọdún 80 jáde nítorí tiwọn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì, àwọn olùkọ́: lẹ́tà látọ̀dọ̀ wọn máa ń dé ibi tí tiyín ò dé.

## Owó kó-jáde

Láìpẹ́, ẹnì kan á wá pẹ̀lú ẹ̀rín àti iye kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní $1,100 lẹ ń san lóṣù, tí irú fúláàtì yẹn sì ń lọ ní $2,900 níta. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ $1,800 lóṣù, $21,600 lọ́dún. Tí wọ́n bá gbé $60,000 wá, kò ní tó yín fún ọdún mẹ́ta, ká má tíì ka owó orí àti owó ìkẹ́rù. Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Ohun tí òfin ìlú sọ nípa rẹ̀:

- Ẹni tó gbé owó wá gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó sọ pé ẹ lè kọ̀ ọ́, àti pé ẹ lè bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dáhùn.
- Tí ẹ bá kọ̀wé sí i pé ẹ ò fẹ́, kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ 180.
- Kò gbọdọ̀ wá bá yín níbi iṣẹ́ láìgba àyè yín ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ lóòótọ́ kò ṣẹ̀. Àmọ́ èyí tó sàn ju owó lọ, lójú tèmi, ni fúláàtì mìíràn. Yunifásítì ní ilé púpọ̀, ẹ béèrè: fúláàtì rent-stabilized ní àdúgbò kan náà, iye owó kan náà, kí wọ́n san owó ìkẹ́rù, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àdéhùn tí lọ́yà yín kà, kí ẹ sì ti gba kọ́kọ́rọ́ tuntun kí ẹ tó dá ti àtijọ́ padà.

## Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayé ni yín lára

Hítà á dákẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní. Omi gbígbóná á lọ. Wọ́n á máa fọ́ ògiri fúláàtì tó ṣófo láti aago méje àárọ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, inú ilé gbọ́dọ̀ gbóná dé 68°F lọ́sàn-án nígbà tí ìta bá ti lọ sísàlẹ̀ 55°F, àti 62°F lóru. Ẹ ra tẹmọ́mítà, ẹ gbé e sí àárín yàrá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí aago hàn lójú rẹ̀. Ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú, lójoojúmọ́ tí òtútù bá ń mú, ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín sílẹ̀. Kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan pè fún ara rẹ̀.

Tí kò bá yí padà, ẹ lọ pe HP action ní Housing Court. Ẹ̀yin lẹ máa pe onílé lẹ́jọ́ níbẹ̀, pé kó tún ilé ṣe, kó sì dáwọ́ ìyọlẹ́nu dúró. Dọ́là 45 ni owó rẹ̀, ẹni tí kò ní lè bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Tí onílé bá pè yín lẹ́jọ́ láàárín ọdún kan tí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, òfin á kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀san ló ń gbà. Òun ló máa fẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ayálégbé yìí ò béèrè ìwé ìgbélùú. Onílé tó bá ní òun máa pe Immigration sí yín ti rú òfin ìlú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ẹni tó gbọ́.

## Tí ìwé kóòtù bá dé

1. Ẹ ka irú ẹjọ́ tó jẹ́. Nonpayment ni ti owó ilé, ọjọ́ 10 lẹ ní láti fèsì. Holdover ni ti pé kí ẹ kó jáde, ọjọ́ ìjókòó wà lórí ìwé náà.
2. Ẹ lọ. Ẹni tí kò bá yọjú, adájọ́ lè dá ẹjọ́ rẹ̀ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, ìdí tí mo fi rí àwọn tí òfin wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n pàdánù ilé nìyẹn. Ẹ dé ní wákàtí kan ṣáájú, torí ìlà ẹnu ọ̀nà gùn.
3. Ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má lo ọmọ yín, ẹ má sì ní “mo gbọ́ díẹ̀díẹ̀.” Òyìnbó kóòtù yàtọ̀ sí ti ọjà.
4. Ẹ béèrè lọ́yà ọ̀fẹ́. Láti ọdún 2017 ni òfin ìlú ti sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà nínú ẹjọ́ ìléjáde. Ẹ pe 311 kí ọjọ́ ìjókòó tó pé.
5. Tí ẹ ò bá tíì rí lọ́yà, ẹ ní kí adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá béèrè, ọjọ́ 14 ó kéré tán ló yẹ kí wọ́n fún yín.
6. Ẹ má fọwọ́ sí àdéhùn kankan ní kọ́rídọ̀. Lọ́yà onílé á jáde wá, á pe orúkọ yín bí ojúlùmọ̀, á ní kí ẹ jẹ́ kí ẹ yára parí rẹ̀ kí ẹ lè lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ onílé ló ń ṣe. Wọ́n ń pe ìwé yẹn ní stipulation, tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó ṣòro kí ẹ tó yọ ara yín kúrò nínú rẹ̀.

## Kí ìlú tó fọwọ́ sí i

Bí yunifásítì bá ní láti yí òfin ìlò ilẹ̀ àdúgbò padà kó tó kọ́lé, ó gbọ́dọ̀ gba ìlànà tí wọ́n ń pè ní ULURP. Community Board (ìgbìmọ̀ àdúgbò) ní ọjọ́ 60 láti yẹ̀ ẹ́ wò, ààrẹ borough (agbègbè ìlú, bíi Manhattan tàbí Bronx) ní 30, City Planning Commission (ìgbìmọ̀ ètò ìlú) ní 60, City Council (ilé aṣòfin ìlú) ní 50. Ayálégbé lè dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n máa fún yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sílẹ̀: ọdún tí ẹ wọlé, iye èèyàn inú ilé, ohun tí ẹ ń béèrè.

Ẹ wo Manhattanville ní West Harlem, níbi tí Yunifásítì Columbia ti fẹ̀ sí nǹkan bí éékà 17. City Council fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Àwọn oníṣòwò tí wọn ò fẹ́ kí ìjọba fipá gba ilẹ̀ wọn fún un gbé ẹjọ́ dé kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì pàdánù ní oṣù Kẹfà ọdún 2010. Ohun tí àdúgbò rí gbà, tí ó fi mọ́ àdéhùn $150 mílíọ̀nù ti ọdún 2009, orí tábìlì ìdúnàádúrà ló ti jáde. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìgbà tí wọn ò tíì dìbò ni ọ̀rọ̀ yín wúwo jù. Ẹ lọ bá aṣòfin àdúgbò yín ní ọ́fíìsì rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì gba ìlérí nípa ilé yín ní kíkọ sílẹ̀.

## Tí ìwé máṣàlì bá ti wà lára ilẹ̀kùn lónìí

Ẹ fi gbogbo ohun tí mo sọ lókè sílẹ̀, ẹ wọ bàtà. Housing Court ti Manhattan wà ní 111 Centre Street, ti Bronx ní 1118 Grand Concourse. Ẹ mú ìwé máṣàlì náà, ID yín, líìsì, àti ẹ̀rí owó tí ẹ ti san dání. Ẹ sọ fún akọ̀wé kóòtù pé ẹ fẹ́ kọ order to show cause. Ẹ kọ ìdí tí ẹ ò fi yọjú tàbí ohun tó yí padà, àti ohun tí ẹ ní láti gbèjà ara yín. Tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, wọ́n á dá máṣàlì dúró títí wọ́n á fi gbọ́ tẹnu yín. Ẹ rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ máṣàlì àti lọ́yà onílé bí adájọ́ ṣe kọ ọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílé, lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn tí wọ́n bá kàn án.